Oríkì Ọmọ Mi Lára Ògiri Bẹẹrẹ

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí wa ní Bẹẹrẹ pé ọmọ tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń kọ nǹkan sára ògiri, ọlọ́pàá ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́, pé àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Àmín ò jáde lẹ́nu mi.

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama. Orin ráàpù ló ń gbọ́ ṣáá, ó sì ní ẹni tó bá ń ṣe ráàpù gbọ́dọ̀ ní orúkọ tó ń kọ sára ògiri. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú orúkọ òyìnbó. Òun mú Àjọkẹ́, oríkì tí ìyá ọkọ mi fi ń kí i láràárọ̀. Ọ̀dà inú agolo, èyí tí wọ́n ń fín, ló fi kọ ọ́ sára ògiri agboolé wa. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́ mọ́ra bí ejò, orí wọn sì yọ ṣóńṣó bí ìwo. Èmi tí mo rò pé ojú mi tó nǹkan, ohun tí mo bẹ̀rù ni pé ọ̀dà á ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" gàdàgbà. Ẹnikẹ́ni ò pe ìyẹn ní àmì òkùnkùn.

Àwọn ọ̀dẹ àdúgbò ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọmọ mi, wọ́n mú un lọ síwájú mọ́gàjí, olórí agboolé wa.

"Ta ni ọ̀gá yín?" mọ́gàjí bi í.

"Bàbá, a ò lọ́gàá. Oríkì mi ni mo kọ."

Ọ̀dẹ kan bú sẹ́rìn-ín. "Oríkì wo ló ń yọ ìwo? Ọmọ ráàpù, oríkì ejò nìyẹn!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni mọ́gàjí wí.

Wọ́n nà án lẹ́gba, wọ́n ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ohun tó kọ ní dúdú. Mo kúnlẹ̀ títí, wọn ò wò mí. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ariwo, ó jáde wá. "Àjọkẹ́, kí lo ń kùn?" Ọmọ náà ń kùn ún lọ. Ìgbà yẹn ló yé mọ́gàjí pé oríkì ọmọ náà ni lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Òun ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kó o. Ó yíjú, ó jẹ́ kí ọmọ kùn ún tán.

Èkó lọmọ mi ń gbé báyìí. Bí mo bá pe oríkì rẹ̀ lórí fóònù, á ní, "Mọ́mì, ẹ máa pe orúkọ tó wà nínú ìwé mi." Ìyá ọkọ mi ti kú. Kò sẹ́ni tó tún ń kí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pe ọlọ́pàá sí ọmọ ẹlòmíì, ẹ ní kó ka ohun tó kọ fún yín.