Ládàánì àti Nọ́ńbà Mọ́sáláṣí

Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí Bùsàrí ti ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohùn rẹ̀ kò tíì yẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta ni ìtọ̀ ti ń kán sí i ní ṣòkòtò láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò ṣe àlùwàlá kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn àgbà mọ́sáláṣí bá gbọ́, wọ́n lè ní kí ládàánì lọ sinmi nílé. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, ìrun pípè nìkan ló kù tí ayé fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó rí ìkànnì ìlera kan lórí fóònù rẹ̀, níbi tí dókítà ti ń dáhùn ìbéèrè lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ìwé àdéhùn kan yọ sí i, nípa bí wọn yóò ṣe tọ́jú àṣírí rẹ̀. Ó gùn bí ìrìn Obalende sí Ìdúmọ̀tà. Ó tẹ "Mo gbà" bí gbogbo ayé ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà tí èsì yóò gbà wọlé lọ́la. Ó kọ èyí tó mọ̀ sórí.

Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ tán ló tó rántí. Nọ́ńbà mọ́sáláṣí ló mọ̀ sórí, òun ló sì ti ń fún gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá, nítorí òun ni wọ́n fi ń wá ládàánì bí wọ́n bá bímọ tàbí bí ẹnìkan bá kú. Ọwọ́ Abdulafeez, akọ̀wé, ni fóònù náà wà. Ní gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Abdulafeez a máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sókè níwájú ìgbìmọ̀. Kì í fo ẹyọ kan.

Bùsàrí sáré gbé fóònù rẹ̀. Ó ṣí ìwé àdéhùn náà, bóyá yóò rí ibi tí wọ́n ti lè dá èsì dúró. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Síbẹ̀, gbólóhùn kan gba ìlà mẹ́jọ, kò sì mọ ẹni tó ń ṣe kí ni fún ta ni. Ó wọ bàtà, ó gba Ìkòyí lọ, sí ọ́fíìsì lọ́yà tí Qaanitah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ síbí," ó ní.

Qaanitah gba fóònù. "Bàbá Ládàánì, ṣé Bùsàrí ni ọ̀rẹ́ yín náà ń jẹ́ ni? Orúkọ tó wà lókè yìí nìyẹn."

"Àwa méjèèjì la ń jẹ́ ẹ."

"Kí Ọlọ́hun fún ọ̀rẹ́ yín ní àlàáfíà o." Ó ń kà á, ó tún padà sókè. "Èmi tí mo ń fi òfin jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibí yìí. Ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á dé ìsàlẹ̀."

"Ṣé wọn yóò sọ fáyé ni?"

"Wọ́n ní àwọn lè fi ìbéèrè yín han àwọn tó ń polówó ọjà, láìdárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé tó kẹ́yìn: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́, kó kọ̀wé sí wọn níbí. Ohun tó yẹ kó wà lókè pátápátá!"

Ó bá a kọ ọ́. Bùsàrí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ kí èsì tó wọlé sórí fóònù Qaanitah: wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọn kò sì tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà.

"Alihamudulilahi," ni Bùsàrí wí. Ẹ̀rín pa á.

"Ó wá ku dókítà gidi. Ní Mọ́ńdè, màá mú ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lọ."

"Èmi nìkan ni, Qaanitah."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Ní ọjọ́ kejì, Abdulafeez ka àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́fà: ìsọmọlórúkọ mẹ́ta, ìsìnkú kan, àti méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta káádì. "Ó tán," ni akọ̀wé wí.

"Àmín!" ni Bùsàrí dáhùn kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ṣe àdúà.