Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Ń Yan Páàdì Mọ́tò

Àárọ̀ ọyẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Òórùn rọ́bìn, ìyẹn ìpara tí bàbá mi fi ń fa mọ́tò dán, á gba ojú fèrèsé wọlé, á pàdé òórùn ọṣẹ àti èéfín ẹ̀kọ tí ìyá mi ń rò lẹ́yìnkùlé, ni màá bá fò dìde lórí ẹní bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó. Ẹ̀yin tí a jọ ṣèwe, ṣé ẹ ṣì rántí òórùn yẹn? Háà, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Ìgbó-Ọrà la wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè. Bàbá mi ń kun mọ́tò, àmọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù ni pé tí igi tàbí ẹ̀gún bá ha mọ́tò lára, á fa ibẹ̀ títí o ò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ o. Ọwọ́ ni, ọwọ́ àti páàdì, ìyẹn aṣọ tí a ká, tí a fi ń fa rọ́bìn. Á kọ́kọ́ fi èékánná wọ́ ojú ibi tó ha. Bí èékánná bá kọ́, ó jìn nìyẹn, páàdì bíláńkẹ́ẹ̀tì ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá kọ́, nápíkì ọmọdé ni, èyí tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nílùú tí ìbejì pọ̀ tó tiwa, ta ló máa wá nápíkì tì?

Iṣẹ́ ńlá ni fífọ̀ rẹ̀. "Omi kìíní fún ọṣẹ, ìkejì fún iyanrìn, ìkẹta fún ìbàlẹ̀ ọkàn," bàbá mi á wí. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó ti di àkísà ìdáná nìyẹn. "Hóró iyanrìn kan ṣoṣo ti tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti onímọ́tò." Bó bá gbẹ, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó ká a sí mẹ́rin, ó wá kù sọ́wọ́ mi.

Èmi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ọwọ́ bàbá mi ti le bíi pátákó, kò lè fi mọ èyí tó rọ̀ àti èyí tó ń họ, ló bá fi mí joyè. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà?" á ké láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, màá sáré dé, màá di ojú, màá na ọrùn bí àgbò tó fẹ́ mumi. Á fi páàdì wọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá ní, "Ó dáa!" tàbí, "Ó ń họ!" Ohun tí mo bá ti sọ, abẹ gé e. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Nílé ìwé, wọ́n bi wá pé iṣẹ́ wo la fẹ́ ṣe tá a bá dàgbà, mo dìde, mo ní èmi ti níṣẹ́ o.

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Tísà Olú, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ń kọ́ wọn níwèé ní Èrúwà, gbé Píjó dúdú rẹ̀ wá. Ẹ̀gún ti ha ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́nà Igangan. Ọ̀la ni ìgbéyàwó ẹ̀, òun ló sì máa fi lọ gbé ìyàwó ní Ìdèrè.

"Bàbá Síkírá," ó ní, "àwọn àna mi ò kúkú fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n gbé mọ́tò tó jọ pé ológbò bá jà débẹ̀ o."

"Tísà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn alásárì."

Bàbá mi fi èékánná wọ́ ọ, kò kọ́. Nápíkì ni. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà?"

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ọyẹ́ ti jẹ́ kí ojú mi funfun bí ẹni tó sùn sínú gàrí. Tísà sì ti ní wọ́n á fi èmi náà sínú mọ́tò lọ́la. Èmi, kí n gbé ojú gàrí lọ sílé ìyàwó? Ni mo bá yọ́ lọ sídìí igbá òrí ìyá mi, mo bu, mo tún bu, mo fi kun ojú títí eṣinṣin tó bá bà lé mi á fi yọ̀ ṣubú. Mi ò rántí iṣẹ́ rárá. Bàbá mi fi páàdì wọ́ mi, ó yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀.

"Ó dáa!" ni mo ké.

Kò dáa. Eruku ọyẹ́ ti wọnú nápíkì yẹn lórí okùn tá a sá a sí. Kò pẹ́ tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tí ilẹ̀kùn Píjó fi dà bí ibi tí adìẹ ti ń wá kòkòrò. Ó dúró. Ó gbóòórùn agolo rọ́bìn. Ó ṣí agolo mìíràn, ó tún fà á, ìlà tún pọ̀ sí i. Ó wá jókòó lórí táyà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ṣì mí lọ́nà rí," ó sọ fún ìyá mi jẹ́jẹ́. "Rọ́bìn ò ṣe nǹkan kan. Àfi tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ti ń darúgbó."

Yé è! Tí mo bá sọ̀rọ̀, oyè mi lọ. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, bàbá mi á máa pe ara ẹ̀ ní arúgbó. Mo rìn lọ bá a, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ síwájú ẹ̀. "Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn mí." Ó fọwọ́ kàn mí, ọwọ́ yọ̀, ó dé etí.

"Síkírá! Kí lo fi para?"

"Òrí ni, bàbá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi jóná. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ ni wọ́n ń gbé níyàwó ni?"

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó. "Gbogbo nápíkì tó wà níta ti jẹ eruku," ó ní. "Èyí tí ọyẹ́ ò tíì rí nílùú yìí, ìdí ọmọ ló wà." Bó ṣe dìde nìyẹn, ó forí lé ilé Ìyá Ìbejì tá a jọ pín ògiri.

"Bàbá Síkírá, àbí oòrùn ti pa yín?" Ìyá Ìbejì pariwo. "Ẹ fẹ́ bọ́ ọmọ mi síhòòhò nítorí mọ́tò?"

"Ẹ gba síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ẹ fi wé e."

Kó tó tú nápíkì Kẹ́hìndé, ọmọ náà ti tọ̀ sí i. Gbogbo wa yíjú sí Táíwò. Ti Táíwò gbẹ! A já a gbà kí òun náà tó ronú kan an.

Bàbá mi fi ọṣẹ dúdú fọ̀ mí lójú bí ẹni fọ ìkòkò. Ọyẹ́ fẹ́ sí i, awọ ojú mi fà pinpin, bí èèrà bá rìn níbẹ̀ màá ka ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo rò pé ó máa lọ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì, ìyá mi sì dúró níbẹ̀ tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà?" Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo dijú. Mo ní kó tún un wọ́. Mo tún ní kó tún un wọ́.

"Ó dáa, bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dáa."

Ìhòòhò àyà ló fi fa mọ́tò yẹn nínú ọyẹ́, eyín ẹ̀ ń lù gbà-gbà-gbà, ìlà ń pa rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Tísà Olú dé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó rí ojú ara ẹ̀, ó fi èékánná yọ ẹran tó há sí i léyín.

"Bàbá Síkírá, ọyẹ́ yìí ò mú yín ni?"

"Iṣẹ́ ló ń mú mi lóoru, Tísà."

Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá báyìí, Èrúwà ni mo ti ń ta ìpara. Ẹ wá wo ojú mi, ó ń dán! Tí ọjà mi bá bó oníbàárà lójú báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n wí: oòrùn ló bà á jẹ́, ibi tí mo ti rà á ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ò tíì mọ ìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán ló ní, ó gbé e wá, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo ga jù ú, mo gbọ́n jù ú, mo dán jù ú lọ fíìfíì. Àmọ́ tí àwa méjèèjì bá tò síwájú bàbá mi lónìí, tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́, mo mọ ẹni tó máa pè. Ọmọ yẹn á sì ti sáré dé ibẹ̀ kó tó pè é tán!