Bàbá Àgbà Kò Tiro Rí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ẹ tó sọ fún àgbàlagbà kan pé ó ti ń gbàgbé, ẹ gbọ́ ohun tí fídíò kan dá sílẹ̀ nílé wa ní N'Gattakro, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké, ní Côte d'Ivoire.

Bàbá àgbà mi ta aṣọ ní ọjà Bouaké. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọn bàbá mi sí nígbà tí bàbá àgbà kú. Fíìmù kan ṣoṣo ló kù, níbi tó ti ń rìn bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ìbátan wa kan ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di fídíò níbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

Nínú fídíò náà, bàbá àgbà ń tiro. Á gbé ẹsẹ̀, á fẹ́ dúró, á tún máa lọ. Àwọn ọmọdé ti ń sín in jẹ.

Ìyá àgbà ní, "Ọkọ mi kò tiro rí."

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ ti gbàgbé ni. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

"Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ni o fẹ́ fi ìrìn rẹ̀ hàn mí?"

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku èmi àti ìyá àgbà, ó rọra bi mí bóyá òun ti gbàgbé lóòótọ́. Ìbéèrè yẹn dùn mí.

Mo ka informatique, ìyẹn ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì, n kì í sì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ti ìyá àgbà pàápàá. Mo tún fídíò náà wò. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn bàbá àgbà. Kẹ̀kẹ́ náà ń tiro! Ṣé ẹsẹ̀ ń dun kẹ̀kẹ́ ni?

Mo wá yẹ àwọn àwòrán rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni fíìmù náà ní fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò ti Amẹ́ríkà fẹ́ ọgbọ̀n. Kó lè pé, nínú àwòrán mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀rọ ń fi ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà ti ń dà bí ẹni tó fẹ́ dúró. Mo yọ gbogbo àfikún náà, mo dá eré rẹ̀ padà sí mẹ́rìnlélógún.

Bàbá àgbà rìn. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ìyá àgbà wò ó títí. Ó ní, "Ó ń kánjú. Ó mọ̀ pé mo ti gbé oúnjẹ kalẹ̀." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ̀rọ kì í parọ́, àbí?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, òun ló ń jókòó tì í, tó ń bi í léèrè irú èèyàn tí baba òun jẹ́.

N kò sọ pé àgbà kì í gbàgbé o. Mo kàn ní ká yẹ ẹ̀rọ wò náà, ká tó dá ẹjọ́.

Ilé tiyín ńkọ́? Ta ló ń sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.