Ilé Kan Ṣoṣo Tí Ojú Ò Ti Pọ́n

Mahjuba kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kí i lẹ́ẹ̀mejì lówùúrọ̀, á máa ro ohun tí ẹ ń wá nínú ìkejì. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì ń lé tìróò fún gbogbo obìnrin abúlé Aït Izzu ní àfonífojì Draa. Ìyàwó tuntun ni o, ọmọ ọjọ́ méje ni o, kò sẹ́ni tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Igi tìróò tó ń lò, igi ólífì tí kò gùn ju ìka lọ, ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, torí gbogbo wọn ló gbà pé omi a máa fọ ìbùkún lọ. Itọ́ ni Mahjuba fi ń rin ín, á kì í bọ inú tìróò, á fà á sójú ẹni tó jókòó, ó tún di ojú ẹni tó kàn.

Lọ́dún tí dàbínù so débi pé igi fẹ́ẹ̀ ya, ojú Yezza bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Yezza ni ọmọ ọmọ Mahjuba, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Lówùúrọ̀, ìpìn á ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, irun ìpéǹpéjú òsì ń yí wọnú, ó ń ha ẹyin ojú. Ẹ̀rù ba Mahjuba gidigidi. Obìnrin mẹ́rin tó ti fọ́jú ni wọ́n ń fọwọ́ fà lọ sídìí kànga ní Aït Izzu, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ lára gbogbo wọn nìyẹn.

Ìjọba rán nọ́ọ̀sì kan wá, Bushaib lórúkọ rẹ̀, ará etí òkun.

"Eṣinṣin ló ń gbé e kiri," ó sọ fún wọn. "Ó bà lé ojú ọmọ yìí, ó mu ìpìn, ó tún fò lọ bà lé tọ̀hún. Aṣọ ìnujú tí ẹ jọ ń lò náà ń gbé e. Ojú àwọn ọmọ yín gan-an ni àìsàn yìí fi ṣelé."

"Eṣinṣin ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ," Mahjuba dá a lóhùn. "Àbí òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀nà ojú?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó dárúkọ tìróò fún Bushaib. Ọ̀rọ̀ obìnrin kọ́ ni kí àlejò ọkùnrin máa gbọ́.

Mahjuba gba oògùn tó pín, àmọ́ ojú ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ fi í sí, ó sì ṣọ́ ewúrẹ́ náà fọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ẹran ò kú, ó fi sójú Yezza. Ojú náà mọ́ kedere. Inú ìyá àgbà dùn, ó lé tìróò fún un dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí oṣù tó parí, ojú tún ti pọ́n.

Ó wá dá a lójú pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ló ń tún sọ lábẹ́ ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dé ilé, á ní òun wá tọrọ iyọ̀, ojú ọmọ ló sì ń wò. Ilé kan ò yọ, àfi ilé Tuda, ìyàwó olùtọ́jú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí òun àti Mahjuba ò kíra wọn láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ márùn-ún, ojú gbogbo wọn funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni eṣinṣin pọ̀ sí jù. Mahjuba ò dúró mu tíì. Ó gba ibẹ̀ lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Lalla," ni Tuda wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, kò tilẹ̀ dìde. "Ẹ jókòó. Àbí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ẹní wò?"

"Mi ò wá jókòó. Kí lo ṣe fún Yezza mi?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni! Ojú ọmọ gbogbo abúlé ń pọ́n, tàwọn ọmọ tìẹ ń dán. Àbí eṣinṣin ń bẹ̀rù ẹ ni?"

Tuda rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dùn. "Lalla, èmi náà ti bi ara mi. Aṣọ ìnujú kan ṣoṣo làwa náà ń lò. Nǹkan kan péré ló yà wá sọ́tọ̀ nínú abúlé yìí, ẹ̀yin lẹ sì fà á."

"Èmi?"

"Lọ́jọ́ tí a jà lórí omi oko, ẹ fi ibojì ọkọ yín búra pé igi tìróò yín ò ní kan ojú ọmọ Tuda láé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọwọ́ mi ò rí tìróò lé lọ́jọ́ keje."

Mahjuba la ẹnu láti ṣépè, kò rí ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ lé. Ó ka àwọn ilé náà lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ló bá nínú gbogbo wọn. Àwọn yòókù, ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń wá. Yezza nìkan ló ń lé e fún ní gbogbo Jímọ̀, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní obìnrin tó wá bá jà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nílé alágbẹ̀dẹ, Yezza àti Tuda náà sì wà láàárín àwọn obìnrin. Ìyá ọmọ gbé e sí iwájú Mahjuba. Mahjuba ká ọwọ́ kò.

"Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi," ó wí. "Èmi ni mò ń pín àìsàn ojú yín. Igi tìróò mi ló ń gbé e láti ojú dé ojú."

Ìyá ọmọ fi aṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ibi tí ohùn ti wá ni Yezza kọjú sí, torí kò ríran dáadáa mọ́.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Àná ni. Àná ni mo tó mọ̀."

Nígbà tí Yezza dìde, Mahjuba na ọwọ́ kó lè dì í mú bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà na ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, "Tuda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi délé."