Òkúta Sájẹ́ǹtì, láti Ibafo dé Ifọ̀

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la kúrò nílé mi ní Mowe. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni Bọ̀dá Sàmù, awakọ̀ tí mo háyà, ní òun máa dé. Mo kọ ìgbà tó dé gan-an sínú fóònù mi. Kí a tó bọ́ sí títì márosẹ̀, mo ka kòtò mẹ́tàdínlógún, mo kọ ìyẹn náà.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Sójà ni. Nígbà tó fẹ̀yìntì tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun ló máa ń to bàtà iléèwé àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n títí wọ́n á fi dán. Bàtà ẹni tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ mú. Báwọn aládùúgbò bá kí i ní Ọ̀gá Méjọ̀ láti fi pọ́n ọn lé, á ní, "Sájẹ́ǹtì ni mí. Ẹ má gbé oyè olóyè wọ̀ mí."

Ó ti pé ọdún kan tó ti sùn. Aago méjìlá ọ̀sán la fẹ́ gbàdúrà nídìí sàréè rẹ̀ ní Ifọ̀, òkúta tá a ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀.

Ní Ibafo, mo ní kí agbẹ́kùúta tú àpò tó fi wé òkúta náà. Ó fẹ́ máa rojọ́, mo ní kó ṣáà tú u. Méjọ̀ ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, lókè orúkọ Bàbá. Ó ní Dádì Ifọ̀, àbúrò bàbá mi, ló pe òun pé kóun gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀? Ìka ọwọ́ kan ò tó ka ipò tó wà láàárín sájẹ́ǹtì àti méjọ̀! Ọjọ́ méjì ló máa gbà á láti gbẹ́ òmíràn. A gbé e sínú bùùtù bẹ́ẹ̀.

A gba Berger, a gba Agege. Ní Sango, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tóbi ju ti Mowe lọ, mi ò lè purọ́. Mo ṣì ń ka ẹ̀sùn Dádì Ifọ̀ nígbà tí Bọ̀dá Sàmù dá mi lóhùn.

"Àǹtí, ẹ rọra. Tí èmi bá kú, kí wọ́n ṣáà kọ Páílọ́ọ̀tì."

Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rín in.

Nígbà tá a dé Ifọ̀, mo kúnlẹ̀ kí Dádì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó ní àwọn àna òun ń bọ̀, pé Sájẹ́ǹtì kéré lójú òkúta. Ó ní láti kékeré lòun ti ń wò ó pé bàbá òun tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta fóun. Mo kà á.

"Ta nìyẹn? Èmi ò fẹ́ méjọ̀ kankan. Ẹ gbé e padà fáwọn èèyàn rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọkọ mi wá fún mi."

Dádì dìde. Ó wọlé lọ, ó gbé ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì bàtà Bàbá jáde. A dojú òkúta náà délẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a mọ́, ó na búrọ́ọ̀ṣì náà sí mi, ó wá ti ìka bọ ọ̀dà, ó fi kọ ọ́: Sájẹ́ǹtì, orúkọ Bàbá, lẹ́yìn náà, Bàbá àgbà wa. T inú Sájẹ́ǹtì wọ́ sápá òsì. Mo rí i.

Nígbà tí a gbàdúrà tán, mo fẹ́ dá búrọ́ọ̀ṣì náà padà. Dádì ní kí n máa mú un lọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi padà dé Mowe. Látọjọ́ tí mo ti ń kọ àṣìṣe àwọn èèyàn sílẹ̀, T yẹn nìkan ni mo rí tí mo fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo to bàtà iléèwé àwọn ọmọ mi sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó, mo sì kọ́kọ́ mú èyí tó kéré jù.