Bàbá Fótò àti Ọmọ Tí Kò Lè Dúró

Bí bàbá arúgbó náà bá ti tẹríba báyìí, èmi náà á ti wà lórí eékún.

"Dìde!" Màmá, ìyá bàbá mi, ló ń pariwo láti orí àpótí tó jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Dìde, ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?"

Mo dìde. Eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ eékún mi. Bàbá náà gbójú sókè, ó wo ìkùukùu tó ń rìn kiri orí òkè, ó ṣe sùúrù títí oòrùn fi yọjú, ó tún tẹríba sínú àpótí dúdú tó gbé kọ́ ọrùn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tún kúnlẹ̀. Kẹ́! Àpótí náà dún.

"Ó tán," ni bàbá náà wí. "Mo ti ya ògiri."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn, Màmá yìí kan náà ló sì kọ́ mi ní ìkíni. Àgbàlagbà tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun wá ń tẹríba fún èmi kékeré, kí ni kí n ṣe? Kámẹ́rà tí àwọn èèyàn mọ̀ lónìí, ojú ni wọ́n ń gbé e sí. Tiẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olójú méjì ni, ojú kan wà lórí ìkejì. Ti òkè ló fi ń wò ọ́, ti ìsàlẹ̀ ló fi ń yà ọ́. Iwájú àyà ló máa ń gbé e sí, á ṣí ìdérí rẹ̀ lókè, á wá wolẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Aládé ìlú wa tí kò tíì bá a ba fíìmù jẹ́ rí. Ìyàwó tuntun kan tiẹ̀ kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ nìkan ló jáde nínú fọ́tò.

Bàbá Fótò la máa ń pè é. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Bí wọ́n bá da kòkó tútù tó ti ń kan sílẹ̀ lágbàlá wa, òórùn rẹ̀ á pàdé òórùn oògùn tí bàbá fi ń fọ fíìmù, tó kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ò sì mọ èwo ni tilé wa mọ́. Ìka rẹ̀ méjì ti dúdú nítorí oògùn yẹn. Tó bá ti kírun tán láàárọ̀, á jókòó síwájú ilé, á fi aṣọ pélébé nu dígí kámẹ́rà náà, á yí ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kírí-kírí, á tún nù ún. Kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Èmi ní tèmi, mi ò lè jókòó jẹun tán. Mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣu lójúde, kí n parí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ fọ́tò ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì rá. Bí wọ́n ti sin ín tán ni bàbá mi kọjá sí Gàbọ́ọ̀nù. Ẹnì kan wá lọ sọ fún un níbẹ̀ pé ọmọ náà ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, pé Màmá kàn ń fi ikú rẹ̀ pa mọ́ ni. Màmá ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé irọ́ ni, mo wà láàyè. Bàbá mi ò gbà á gbọ́. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá ti ní kí tíṣà kọ ọ́ sí i pé òun ń kú lọ, kó lè wálé. Nígbà àkọ́kọ́, ó sáré wálé lóòótọ́, ó sì bá a nídìí odó, ó ń gúnyán.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin ará Atosin kan tó ti Gàbọ́ọ̀nù wálé wá sin bàbá rẹ̀ ló jíṣẹ́ fún wa. Bàbá mi ní: "Ẹ jẹ́ n rí ojú ọmọ náà. Bí mi ò bá rí i, kò sí ohun tí mò ń bọ̀ wá ṣe nílé mọ́." Àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ọkùnrin yìí ń padà. Fọ́tò mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú fíìmù Bàbá Fótò, ó sì di Àkúrẹ́ kí a tó rí òmíràn rà.

A ti fi ọ̀kan ya ògiri.

Màmá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká mi mú láti ẹ̀yìn. "Má mì o! Má tiẹ̀ mí!" Oòrùn wọ inú ìkùukùu lọ. A dúró. Èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ mìíràn ń pariwo lójúde. Oòrùn yọ, adìyẹ kan ké lẹ́yìn ilé, orí mi sì ti yí síbẹ̀. Kẹ́!

"Ìpàkọ́ lèyí," ni Bàbá Fótò wí. "Ó ku ẹyọ kan."

"Bí bàbá ẹ ò bá wálé mọ́, ìwọ lo fà á!" ni Màmá wí. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Mo fẹ́ dúró, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ dúró, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti tún ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa tẹríba fún ọmọ kékeré?"

"Àbí kí n kúkú dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ sí wa bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Ó kọjú sí òkè, kámẹ́rà wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń wo inú dígí rẹ̀. "Háà," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ wo ọ̀bọ tó gbé ọmọ pọ̀n lórí àpáta yẹn."

"Níbo, bàbá?" Mo ti nàró lórí ìka ẹsẹ̀, mo na ọwọ́ kí n fi fa aṣọ rẹ̀. "Níbo ló wà?"

Kẹ́!

Kò sí ọ̀bọ kankan. Òkè ló kọjú sí, ṣùgbọ́n èmi ni ojú kámẹ́rà kọjú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú fọ́tò náà wá, ó ṣì tutù díẹ̀ létí. Ojú mi hàn kedere, ẹnu mi là, ẹsẹ̀ mi kan ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ò sí. Ohun kan bí èéfín ló wà níbi tó yẹ kó wà.

"Kí lèyí?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. "Ọmọ ọlọ́wọ́ méjì lẹ sọ di ọlọ́wọ́ kan! Bàbá rẹ̀ á ní ọmọ ọlọ́mọ la tún fi ń purọ́ fún òun!"

"Ẹ sọ ohùn yín kalẹ̀, Màmá. Ta ló ya fọ́tò ìgbéyàwó wọn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá ọmọ yìí mì mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ ń bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ń bẹ̀ ẹ́. Èyí tẹ́ ẹ gbé kọ́ pálọ̀ yín yẹn, ṣé ẹ rí ọwọ́ ìyàwó níbẹ̀?"

Màmá gbéra. Ó wọlé lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba abẹ́ fọ́tò yẹn kọjá, mi ò sì wò ó rí. Ìyá mi wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, èéfín wà níbi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Màmá fi etí ìró nu ojú. Ó jáde, ó ní kí wọ́n wá ẹ́ńfílóòpù fún òun. Ọkùnrin ará Atosin ti ń fọn fèrè ọkọ̀ lójú títì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró mi tún burú sí i. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá dúró ní Aládé, mo ti sáré débẹ̀. Òjò rọ̀, òjò dá. Àwọn èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á gbé ẹrù wọn, wọn á bá tiwọn lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń sá kòkó wá dé. Àwa ọmọdé bíi mẹ́jọ là ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní, nígbà tí ọkùnrin gíga kan gbé báàgì dúró létí ilé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò bi wá pé ta ni ta. Ó kàn ń wò wá níkọ̀ọ̀kan. Adìyẹ kan gun orí kòkó, mo sì gbá tẹ̀ lé e, apá mi ń fò lókè. Mo gbọ́ tí báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Màmá," ni bàbá mi wí, kò tíì gbójú kúrò lára mi, "ẹ ò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Ó padà sí Gàbọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n ta kòkó tán. Òun náà kì í dúró. Àmọ́ ọdọọdún ló ń wálé láti ìgbà náà, títí tó fi wálé pátápátá.

Bàbá Fótò ti lọ tipẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ láti Èkó ló wá kó ẹrù rẹ̀, wọ́n ta ohun tó ṣeé tà, mi ò sì mọ ọwọ́ ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bọ́ sí. Mo ti wá a dé Oǹdó, mo wá a dé Ìbàdàn. Bí mo ti ń wá a ni mò ń ra àwọn olójú méjì mìíràn tí mò ń rí lọ́nà, mẹ́fà ló ti wà nílé báyìí. Ọkọ mi bi mí bóyá mo fẹ́ ṣí mùsíọ́mù ni. Mo máa ń gbé ọ̀kan gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, mo ń sinmi, mo ń gùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé fóònù dání á yí mi ká.

"Mummy, ṣé ó máa jáde báyìí-báyìí?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tò, wọ́n á gan bí igi. "Mummy, ṣé ká má mì?"

Mo ní kí wọ́n máa ṣeré wọn lọ. Mo wo inú dígí. Wọ́n kéré níbẹ̀, àwọ̀ wọn tàn, ẹni tó ń lọ sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ nínú dígí. Ìgbà yẹn nìkan ni ara mi máa ń rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mì. Èmi ni mo máa dúró.