Nùsírátù àti Àtàǹpàkò Mùsáfírù

Ẹni tó bá ti gbé Ìbàfò rí á mọ Nùsírátù, nọ́ọ̀sì tó ń kun àwọn aláìsàn lóorun kí dókítà tó là wọ́n. Ẹ̀yìn ilé mi ló ń gbé. Agboolé àwọn onímọ́tò ní Ìfọ̀ ni wọ́n ti bí i, ohùn rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀: bó bá pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàfò, ẹni tó wà ní Mowé á dáhùn. Èmi kò lọ ilé ìwé kankan o. Ara bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Síbẹ̀, kò sí dókítà kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ yìí tó lè parọ́ ọ̀rọ̀ ara ènìyàn fún mi. Nùsírátù fúnra rẹ̀ máa ń wí pé, "Bàbá, ká ní ẹ kàwé ni, ẹ̀yin ni ẹ ò bá máa kọ́ wa." Mo máa ń ní mo mọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́rù. Yàtọ̀ sí oorun, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń fún wọn, tí gbogbo iṣan ara á fi dẹ̀, kí rọ́bà èémí lè ráyè kọjá ní ọ̀nà ọ̀fun. Láti ìgbà náà lọ, aláìsàn kò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Nùsírátù ló ń mí fún un, títí agbára abẹ́rẹ́ náà á fi tán. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wò ó. Á lẹ okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, níhà ọmọńdinrín, ẹ̀rọ á ta iná lẹ́ẹ̀mẹrin, àtàǹpàkò á sì fò lẹ́ẹ̀mẹrin bí iṣan bá ti jí. Bí kò bá fò, kò ní yọ rọ́bà, ìyá rẹ̀ ì báà máa bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mọ́tò mi la fi gbé Mùsáfírù láti Ọ̀fàdà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìlọrẹsì. Apẹ́ńdíìsì fẹ́ bẹ́ sí i nínú. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó bá wa gbéra kò tí ì kọjá Mowé nígbà tí a wọ ọsibítù ní Ìbàfò. Dókítà Adéyanjú là á, ó yọ ọ́, ó rán an. Iṣẹ́ parí. Mùsáfírù kò mí.

Abẹ́rẹ́ tí Nùsírátù fún un kì í pẹ́ ju kí ènìyàn mu ẹ̀kọ gbígbóná tán. Láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, mo rí i tó ta iná sí ọrùn ọwọ́. Àtàǹpàkò dúró bí igi. Ó tún un ta. Kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ èémí dákẹ́. Nùsírátù fa báàgì rọ́bà yọ, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àyà Mùsáfírù ń gbé sókè, ó ń wálẹ̀, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn.

Dókítà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká fún un ní abẹ́rẹ́ ìtúsílẹ̀, tó ń lé ti àkọ́kọ́ kúrò lára."

"Dókítà, àtàǹpàkò ò fò rárá! Irú èyí tí mo fún un, ìtúsílẹ̀ yẹn lè so ó le sí i. Nǹkan kan wà lára ọkùnrin yìí."

Dókítà mi orí, ó gba báàgì, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni Abdulrauf, ẹ̀gbọ́n Mùsáfírù, tó ti ń bá mi wò láti ojú gíláàsì, ti ti ilẹ̀kùn wọlé, èmi náà tẹ̀ lé e.

"Ẹ fi sílẹ̀! Òkú lẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí bíi táyà! Mo ti pe Uthman agbẹ́sàréè, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ká tó kírun Alásárì, ó ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ yọ rọ́bà yẹn lẹ́nu àbúrò mi."

Nùsírátù ní, "Alàájì, ọkàn ẹ̀ ń lù. Ẹ wá fọwọ́ bà á."

"Adìyẹ tí wọ́n bẹ́ lórí náà ń ta pọ́npọ́n!"

"Bí ẹ bá fọwọ́ kan rọ́bà yìí, ẹ̀yin lẹ pa á. Màá jẹ́rìí ẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti ọlọ́pàá."

Omi yọ lójú Mùsáfírù. Ìpéǹpéjú kò gbọ̀n, ètè kò mì. Omi náà kàn ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀.

"Yéè! Oorun ti dá lójú ẹ̀," ni Nùsírátù wí. "Ó ń gbọ́ wa!" Ó fi abẹ́rẹ́ oorun mìíràn sí i kíá. Abdulrauf fara ti ògiri.

Nùsírátù gbọ́ òórùn kan lára awọ apá Mùsáfírù, ó sì pe Fàúsátù, ìyàwó rẹ̀, wọlé. "Kí ni ọkọ ẹ fi ń para? Má parọ́ fún mi."

Fàúsátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èèpo ìrẹsì ló ń yún wọn. Gbogbo wọn nílé ìlọrẹsì ló ń ṣe é. Wọ́n á po òtapíápíá mọ́ àdín, wọ́n á fi para."

"Òtapíápíá tí a fi ń pa ìdun?"

"Òun ni, mà. Bí wọn ò bá fi para, wọn ò lè sùn."

Nùsírátù kọ ojú sí wa. Ó ní májèlé kòkòrò náà ti ba ohun tó yẹ kó palẹ̀ abẹ́rẹ́ mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ ìtúsílẹ̀, ọ̀nà kan náà bíi ti májèlé yìí ló ń gbà ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó kù ju ká máa mí fún un.

Fàúsátù fi ọṣẹ wẹ ara ọkọ rẹ̀. À ń gba báàgì lọ́wọ́ ara wa. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, Dókítà sì ní ọwọ́ mi gún ju tòun lọ. Alásárì kọjá. Fóònù Abdulrauf ń dún, orúkọ Uthman ló wà lójú rẹ̀. Ó ń wò ó, kò gbé e. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, àtàǹpàkò kò mì.

Nígbà tó yá, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ewé. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Ó pẹ́ kó tó fò lẹ́ẹ̀mẹrin, tí okun ìkẹrin sì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Nùsírátù dúró títí Mùsáfírù fi gbé orí fúnra rẹ̀, kó tó yọ rọ́bà.

Mùsáfírù wúkọ́ díẹ̀. Ojú rẹ̀ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri títí ó fi rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Uthman ti gbẹ́ ẹ tán?"

Abdulrauf jáde. Títí di òní, wọn kò jọ jẹun mọ́.

Ní báyìí, kí Nùsírátù tó kun ẹnikẹ́ni láti ìhà Ọ̀fàdà lóorun, á kọ́kọ́ fi imú kan awọ apá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kaosarah ni wọ́n gbé dé, ọmọbìnrin kan tó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Nùsírátù tẹ̀ ba, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó nàró, ó ní kí Dókítà fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná.